Ọ̀nà Òǹdó: Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Wọ Ogun Kírìjì, àti Ohun Tí Ó Dé Bá Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè

Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ gba ọ̀nà àríwá wọ ilẹ̀ Èkìtì, kí ó tó fojú kan Adó, Ìkẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé, ìlú Ògògà, tí Òkè Olósùnta àti Òkè Òròlé yọrí ga lé lórí. Bí ó bá sì yà sí apá ìlà-oòrùn láti ibẹ̀, yóò la igbó dúdú àti oko kòkó já títí yóò fi bá Ìsẹ̀ tí í ṣe ti Arínjalẹ̀, yóò sì tún rìn díẹ̀ sí i kí ó tó bá Ẹmùrè tí í ṣe ti Ẹlẹ́mùrè. Àwọn ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà nínú àwọn ọba aládé mẹ́rìndínlógún tí Èkìtì fi ń yangàn. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń pìtàn ogun Kírìjì, tí àwọn ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire fi ọdún mẹ́rìndínlógún ba ilé ara wọn jẹ́, a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn. Òkè-Ìmẹ̀sí ni a máa ń gbọ́, àti Igbájọ, àti Ìlẹ́ṣà, àti Ìbàdàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbọn ti dún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ṣe rìn wọ inú ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó bá wọn parí rẹ̀, tí ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó parí ìjà fún, gúúsù Èkìtì ni kí ó wá dúró sí kí ó tó wo ọ̀ràn náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀nà ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá, ọ̀nà náà sì gba ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, agbára méjì ni ó ti ń fa ìhà yìí mọ́ra. Ti àkọ́kọ́ ni Ìbíní. Ìtàn ààfin Ìkẹ́rẹ́ sọ pé ọdẹ aperin láti Ìbíní ni ẹni tí ó di Ògògà àkọ́kọ́, tí ó bá Olúkẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán láàárín ilé méjèèjì di òní olónìí. Àwọn ará Ìsẹ̀ náà a sì máa ka Akínlùadùṣe, jagunjagun tí ó tẹ ìlú wọn dó, sí ẹni tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde tí ó sì gbé ní Ìbíní kí ó tó wá fìdí múlẹ̀. Ẹ̀wù oyè, ìlẹ̀kẹ̀, idà àṣẹ àti ìṣe ààfin ní àwọn ìlú wọ̀nyí kò ṣàì ní àmì Ìbíní lára. Agbára kejì ni Ìbàdàn, tí ó gorí ayé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, tí ó lé Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní 1840, tí ó sì yí ojú sí ìlà-oòrùn láti ìgbà náà lọ, tí ó ń kó ìlú Èkìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí ń bá a ṣàkóso, sí inú wọn. Ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe àlejò kan ṣoṣo. Bí ó bá ti dé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a dé, àwọn ẹmẹ̀wà wọn a dé, ewúrẹ́ ìlú a di tiwọn, adìẹ ìlú a di tiwọn, nígbà mìíràn obìnrin ìlú pàápàá. Àṣẹ Ìbàdàn kò wúwo ní ìhà Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè bí ó ti wúwo ní Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò àti Ọ̀tùn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ dé ibẹ̀, ìgbì ogun rẹ̀ náà sì dé ibẹ̀.

Ní etí òkun, ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin Èkó ní àgbá. Ní oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn wá pa rẹ́, irọ́ kọ́ sì ni, nítorí wọ́n pa á rẹ́ ní èbúté náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń rà, òwú pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ tí ń ṣe ọṣẹ, àbẹ́là àti aṣọ ní ìlú wọn kò gbọdọ̀ dákẹ́. Aṣọ, ọtí líle, iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ni wọ́n sì ń kó wá fi dípò. Owó ibodè tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ọjà tí ń wọlé ni ó fi ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Èkó fúnra rẹ̀ kò ní oko. Bí ará òkè kò bá rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, epo kò ní í wá. Bí epo kò bá wá, ọkọ̀ kò ní í gúnlẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá gúnlẹ̀, àpò ìjọba á gbẹ. Èyí ni kí òǹkàwé mi fi sọ́kàn bí ó ti ń ka ohun tí ó kù: ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn tí ó wà ní Èkó.

Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì jókòó sí ojú ọ̀nà. Wọn kò fẹ́ kí òyìnbó kọjá ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí ó bá kọjá ni èrè alágbàtà tán. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn. N kò bá wọn wí. John Hawley Glover, ológun orí omi tí ó di olórí ìjọba ní Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, ni ó kọ́kọ́ rí i pé ọ̀nà kan kò wọjà. Ó gbójú kúrò lórí ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ó wo apá ìlà-oòrùn, níbi tí ọ̀sà ti gba ẹ̀yìn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìkálẹ̀. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn gba igbó dé Òǹdó, kí ó sì ti Òǹdó yà sí Òkè-Igbó lọ sí Ifẹ̀ àti Ìlẹ́ṣà, tàbí kí ó gba ọ̀nà Àkúrẹ́ bọ́ sí Ìkẹ́rẹ́, kí ó sì bá ibẹ̀ wọ inú Èkìtì. Òǹdó ti tú nígbà náà, ìjà abẹ́lé ti lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Glover rán àwọn aṣojú lọ, ó bá wọn parí ìjà, ó sì mú kí wọ́n padà sí Òde-Òǹdó. Ọ̀nà sì ṣí ní 1872.

Mo fẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí pé ó jọ pé àwọn òpìtàn a máa sáré kọjá lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà kí Fábùnmi, ọmọ ọba Òkè-Ìmẹ̀sí, tó fa idà yọ sí Ìbàdàn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti la ọ̀nà sí ẹ̀yìn Èkìtì. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é láti Ìkẹ́rẹ́. Kò sí ọba Èkìtì kan tí ó bá a dá májẹ̀mú. Ìfẹ́ ọjà rẹ̀ ni ó gbé e wá, ó sì ṣe rere fún wa nínú wíwá náà: iyọ̀ òyìnbó dé ọjà wa ní owó tí kò ga jù, àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú, tí wọ́n ti di òmìnira ní Sàró tàbí ní Bùràsíìlì, rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bojú wo ilé. Àwọn Ìbàdàn náà rí ọ̀nà ra ìbọn níwọ̀n ìgbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ogun bá bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì, ta ni yóò di ọ̀nà náà mú? Glover lè ṣàì rò ó dé ibẹ̀. Ọ̀nà náà dúró de ọjọ́ náà.

Ọjọ́ náà dé ní 1878. Ìbàdàn ti gbé ogun ti Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú láti 1877, ọwọ́ rẹ̀ ti kún. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìwà àìtọ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sí ará ilé Fábùnmi mú kí ọkùnrin náà, ọmọ ọba àti akọni tí kò mọ̀ ju kí ojú má tì í lọ, fi idà dá a lóhùn. Àwọn ìlú yòókù rí i, wọ́n dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ tí kò sí irú rẹ̀ rí, Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn kọ́kọ́ fọ́ wọn ní ogun Jálumi ní etí Ìkìrun, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá 1878, ogun tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ti bá omi lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò túká. Wọ́n kó ara wọn jọ padà lórí àwọn òkè láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí wọn.

Ní ìhà wa ni ẹni náà wà. Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọmọ Ìlẹ́ṣà, ti tẹ àgọ́ dó sí Ìta-Ògbólú, kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń ja káàkiri títí dé Àkókó àti ẹnu ilẹ̀ Ìbíní. Ó ti bọ́ sí ọwọ́ Ìbàdàn rí, ó mọ agbára wọn, kò sì tètè jẹ́ ìpè. Ìgbà tí ó dìde níkẹyìn tí ó gba ipò Sẹ̀ríkí lórí gbogbo ogun Èkìtìparapọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ gúúsù ni ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé gúúsù wà ní ìrẹ́pọ̀ o. Adúlójú, balógun Adó, ti sọ ìhà yìí di pápá ogun tirẹ̀. Àwọn àgbà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè kò gbàgbé orúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ó ń kó ènìyàn Èkìtì tà; Èkìtì náà kó Èkìtì. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọ̀ràn Ìbàdàn bo ti Adó mọ́lẹ̀. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ tí ń gbọ́ nípa òmìnira tí wọ́n ń jà fún ní Ìmẹ̀sí ń sùn pẹ̀lú ìbọn lápá nítorí aládùúgbò wọn tí ó wà ní ìrìn wákàtí díẹ̀ sí wọn.

Láti 1880 sókè ni ogun náà di ogun ọ̀nà. Ìbàdàn wà ní ìhà kan, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà mọ́ ọn, ẹ̀tù rẹ̀ ń tán lọ. Èkìtìparapọ̀ wà ní ìhà kejì, ọ̀nà Òǹdó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti Sàró àti Bùràsíìlì dé, àwọn bí Joseph Haastrup àti Philip Jose Meffre, ti dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kọ ìwé sí Gómìnà, wọ́n sì ń ra ìbọn. Ìbọn tí wọ́n rà kì í ṣe ṣakabùlà tí a ń ki ní ẹnu, tí òjò lè bà jẹ́. Ìbọn Snider ni, tí a ń fi ọta sí láti ẹ̀yìn, tí ó sì ń pa ènìyàn ní ibi tí ṣakabùlà kò lè dé. Wọ́n gbé e gba orí ọ̀sà, wọ́n gbé e gba Òǹdó, ó dé Ìmẹ̀sí. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ojú wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sá fún ohunkóhun rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ láti fara pamọ́.

Níbo wá ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà? Ní ẹnu, ó wà ní ìhà àlàáfíà. Àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ti kìlọ̀ fún Èkó léraléra pé kí ó má ṣe ki ọwọ́ bọ ìjà ilẹ̀ òkè, kí ó má ṣe gba ilẹ̀ kún ilẹ̀, kí ó má ṣe ná owó. Láti 1866, Èkó kò tilẹ̀ dá dúró, abẹ́ Sàró ni ó kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà abẹ́ Gold Coast títí di 1886. Ní ìṣe, ọjà ìbọn ń lọ ní àwọn ilé ìtajà Èkó, ọ̀nà tí Glover là sì ni ìbọn náà ń gbà. Ìwé tí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ogun dáwọ́ dúró àti ẹrù tí ń mú kí ogun máa lọ, èbúté kan náà ni wọ́n ti ń jáde. N kò sọ pé Gómìnà kan jókòó, ó sì gbìmọ̀ pé kí a máa pa ara wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé èrè tí ìlú Èkó ń jẹ lára ogun wa kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó wá jókòó bí onídàájọ́.

Aláàfin Adéyẹmí kọ ìwé sí Gómìnà ní 1881, àlùfáà Samuel Johnson sì ni ó gbé e lọ, pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn tán ọ̀ràn náà. Ọba tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí ayé ń bẹ ará òkèèrè! Ṣùgbọ́n kí ni kí ó ṣe? Ìbàdàn kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, Èkìtì kò gbà á gbọ́. Lọ́ńdọ̀nù kò tètè dáhùn. Àwọn àlùfáà ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì gbìyànjú, J. B. Wood lọ sí àgọ́ méjèèjì ní 1884 àti 1885, ó padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà náà, àgọ́ kì í ṣe àgọ́ mọ́, ó ti di ìlú: wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, àwọn ìyàwó ń bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fúnra rẹ̀ kú sí àgọ́ ní 1885, kò sì rí Ìbàdàn mọ́ láéláé.

Kí ni ó wá yí ọkàn Lọ́ńdọ̀nù padà? Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn fún ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó rí i. Ní 1884 sí 1885, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù péjọ sí Bẹ̀línì, wọ́n ṣe òfin bí wọn yóò ṣe máa pín etí òkun Áfíríkà láàárín ara wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser ti Jámánì bá Amàpetu ti Màhín ṣe ìwé lórí etí òkun rẹ̀. Ẹ wo ibi tí Màhín wà! Ẹnu ọ̀nà Òǹdó gan-an ni. Bí Jámánì bá jókòó síbẹ̀, ọ̀nà tí Glover là di ti Jámánì, ẹ̀yìn Èkìtì di ti Jámánì. Kí ọdún náà tó parí, Gẹ̀ẹ́sì ti bá Jámánì sọ ọ́, ó sì ti gba Màhín mọ́ra. Faransé náà wà ní apá ìwọ̀-oòrùn, ó ń wo Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò tètè wọ inú ilé báyìí yóò bá ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ìgbà yìí ni àlàáfíà àwọn Yorùbá di ohun tí owó lè jáde fún.

Ní 1886, wọ́n ya Èkó kúrò lára Gold Coast, Alfred Moloney sì di Gómìnà rẹ̀. Ọkùnrin méjì ni ó rán jáde, ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn méjèèjì, nítorí òyìnbó mọ̀ pé ẹnu ẹni ni a fi ń bá ará ilé ẹni sọ̀rọ̀: Samuel Johnson lọ sí ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, Charles Phillips, àlùfáà tí ó ti ń gbé Òde-Òǹdó láti 1877, lọ sí ìhà Èkìtìparapọ̀. Ọ̀nà kan náà ni Phillips gbà gòkè. Àwọn ọba Èkìtì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í purọ́. Mo gbà pé bí kò bá sí iṣẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yìí, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láàárín ọta ìbọn, Moloney kì bá tí rí àlàáfíà kankan fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà 1886 ni ìwé àdéhùn náà wáyé. Ó sọ pé kí àwọn ọba Èkìtì wà lómìnira. Kí Aláàfin jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí Ọwá Ìlẹ́ṣà jẹ́ àbúrò, bí ó ti wà rí. Kí Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Igbájọ wà pẹ̀lú Ìbàdàn. Kí Modákẹ́kẹ́ kúrò ní ibi tí ó wà. Gbogbo ìyẹn ni àwọn ará wa kà, tí inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tí ó gbé ohun mìíràn dání: pé bí aáwọ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, kí wọ́n gbé e wá sí iwájú Gómìnà Èkó, kí ó ṣe ìdájọ́. Kí ogun tó dé, ta ni ń dájọ́ láàárín Ògògà àti Ewì, ọba Adó? Ta ni ń dájọ́ láàárín Aláàfin àti Ọwá? Ìran wọn ni, Ifẹ̀ ni, ogun ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tí kò ní ibojì bàbá kan ní ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bọ́ sí lẹ́nu. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ Ìbàdàn àti ìdájọ́ ní ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ìwé kan náà ni wọ́n jọ fọwọ́ sí.

Higgins àti Oliver Smith, aṣojú ìjọba, gòkè lọ pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà Háúsá, wọ́n sì kéde àlàáfíà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án 1886. Àwọn ọmọ ogun kó ẹrù wọn, wọ́n dáná sun àgọ́, èéfín bo orí òkè. Àwọn ọkùnrin tí irun wọn ti funfun lójú ogun padà sílé lọ bá ọmọ tí kò mọ̀ wọ́n. Ayọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ayọ̀ èké, kò sì yẹ kí ohun tí mo ń sọ yìí mú ẹnikẹ́ni rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a ti kó láti Ẹmùrè tà sí Ìbàdàn rí ọ̀nà padà wálé. Àgbẹ̀ Ìsẹ̀ tún lè sun oko rẹ̀ mọ́jú.

Ṣùgbọ́n àlàáfíà náà kò dé ibi gbogbo. Ìlọrin kò sí nínú rẹ̀. Ó fọ́ Ọ̀fà ní 1887, Ìbàdàn sì dúró dè é ní Ìkìrun. Ní 1888, Viard ará Faransé bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe ìwé, ó ṣèlérí ọ̀nà reluwé. Moloney sì sáré gba ìwé lọ́wọ́ Aláàfin ní ọdún kan náà, pé kò ní í fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ìjọba mìíràn. Láti ibẹ̀ lọ, ìwé kò tó mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ìbọn Maxim fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n nítorí ọ̀nà tí wọ́n tì. Ní 1893, Gómìnà Carter rin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá já, ó tú àgọ́ Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká. Ní 1894, Ọ̀gágun Bower mú Ògèdèǹgbé, Sẹ̀ríkí tí ìjọba náà fúnra rẹ̀ bá ṣàdéhùn ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú, ó sì rán an lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Ní 1895, wọ́n yin Ọ̀yọ́ ní àgbá. Ní oṣù Kejì 1897, wọ́n wọ Ìbíní, wọ́n kó ẹrù ààfin rẹ̀, wọ́n sì rán Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Báyìí ni agbára méjèèjì tí ó ń fa gúúsù Èkìtì mọ́ra ṣe wó láàárín ọdún mélòó kan, tí ẹyọ kan ṣoṣo sì dúró sí ipò wọn.

Ìgbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ ni òyìnbó aláṣẹ fúnra rẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́. Ambrose ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gágun tí ìjọba fi ṣe alábòójútó arìnrìnàjò ní ìhà Òǹdó. Ẹ̀rí tí ó dára jù lọ tí a ní nípa wíwá rẹ̀, igi ni a fi ṣe é. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí Ìsẹ̀ sì tọ́ dàgbà, ẹmẹsẹ̀ Arínjalẹ̀ àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́ ní ìgbà ayé rẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 àti 1914. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, ayaba rẹ̀ dúró tì í. Ní ìhà kejì, òyìnbó ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e sínú ibùsùn ìgbélérù, àwọn arẹrù sì tẹ̀lé e. Ọlọ́wẹ̀ kò sọ ẹnì kankan di yẹ̀yẹ́. Ó gbẹ́ ọba bí ọba, ó gbẹ́ àlejò bí àlejò, ó sì gbẹ́ àwọn tí ó gbé àlejò lérí kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé pé ọrùn ọmọ wa ni ó gùn dé. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn fẹ́ ẹ, Ògògà kò tà á, ó gba ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà.

Ní 1900, wọ́n pe àwọn ọba Èkìtì jọ sí Òkè-Ìmọ̀ ní Ìlẹ́ṣà, Ọ̀gágun Reeve-Tucker sì ni alága. Ibẹ̀ ni Pẹ̀lúpẹ̀lú, ìgbìmọ̀ àwọn ọba Èkìtì, ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọba tí ìṣe wọn kò gbà kí wọ́n fojú kan ara wọn jókòó lórí àga kan náà nínú yàrá kan náà, òyìnbó sì ń bi wọ́n léèrè nípa ààlà, nípa ọ̀nà, nípa ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ oyè. Àwọn ènìyàn kan sọ pé ìgbìmọ̀ yìí ni ó so Èkìtì pọ̀. Èmi kò gbà. Èkìtì ti so ara rẹ̀ pọ̀ ní Ìmẹ̀sí lábẹ́ ìbọn, kí Reeve-Tucker tó mọ ọ̀nà Ìlẹ́ṣà. Ohun tí Òkè-Ìmọ̀ ṣe ni pé ó fi olórí mìíràn lé ìsopọ̀ náà lórí. Nígbà tí wọ́n yan Adó ṣe ibùjókòó ìjọba Èkìtì ní 1913, Ìkẹ́rẹ́ kò lè bá Adó fi idà sọ ọ́ bí ìgbà Adúlójú, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀nà Òǹdó náà kò pẹ́ níyì. Láti ìgbà tí Ìjẹ̀bú ti ṣí, tí Abẹ́òkúta sì ti ṣàdéhùn, ìjọba Èkó rí ọ̀nà tí ó kúrú ju ti ìlà-oòrùn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n na irin reluwé sí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, Ìbàdàn kan náà tí a fi ogun ọdún mẹ́rìndínlógún bá jà. Irin kan kò wọ Èkìtì. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í so ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè, orí ni àwọn àgbẹ̀ fi ń rù ú lọ sí ọjà, títí àwọn ọ̀nà mọ́tò fi dé, èyí tí àwọn ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn là, lábẹ́ àṣẹ, ní ọ̀pọ̀ ibi.